Ìgò Méje, Èròjà Mẹ́fà: Àkọsílẹ̀ Bí Mo Ṣe Wá Iṣẹ́ Èròjà Aṣaralóore Nínú Àgbàdo

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju pé kí n fi ojú ara mi rí bí ohun ọ̀gbìn ṣe máa ń rí nígbà tí èròjà aṣaralóore kan ṣoṣo bá ṣaláìsí nínú oúnjẹ rẹ̀, tí gbogbo ìyókù sì pé. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà máa gbà. Ó gbà mí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí pé ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kùnà pátápátá. Kì í ṣe pé àgbàdo mi kú ni mo fi ń sọ pé ó kùnà. Kò kú, kò tilẹ̀ ṣàìsàn, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Àwọn èròjà tí mo rò pé mo ti yọ kúrò ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín dá lórí bí mo ṣe wá àwọn ọ̀nà náà rí àti bí mo ṣe dí wọn.

Ìpele 1: Ohun èlò

Mo kó ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò 7 jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba omi lítà 2. Ìgò kan wà fún oúnjẹ tí ó pé, mẹ́fà yòókù sì wà fún àìsí náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtáṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti irin. Èròjà tí ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe láìní jẹ́ 17, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ti ń rí kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn, àwọn bíi síǹkì àti kọ́pà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní yàrá ìwádìí gidi kò lè yọ wọ́n kúrò nínú omi tán. Mo fi ara mi mọ sí mẹ́fà tí mo lérò pé agbára mi ká.

Yàtọ̀ sí ìgò, mo ní òṣùwọ̀n kan tí kò lè ka ohun tí ó bá kéré ju gíráàmù 0.1 lọ, sírínjì 10 mílílítà, mítà pH (ohun tí ń wọn bí omi ṣe kan tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kíkan omi ṣe pọ̀ tó), ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, fóòmù tí mo fi ń di ọrùn àgbàdo mú lẹ́nu ìgò, àti iná LED méjì tí mo ń tàn fún wákàtí 14 lójúmọ́. Mítà pH ni ó gbówó lórí jù nínú gbogbo rẹ̀; owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì owó àwọn iyọ̀ kẹ́míkà tí mo rà lápapọ̀. Ẹni tí kò bá ní in lè lo bébà tí ń pàwọ̀ dà, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí mo rí ní ìpele 7.

Ọgbọ́n fífi omi lásán gbin nǹkan kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì, ti ń fi iyọ̀ mélòó kan tí wọ́n yòrò sínú omi tọ́ ohun ọ̀gbìn dàgbà láìsí iyẹ̀pẹ̀. Ní ọdún 1938, Dennis Hoagland àti Daniel Arnon ní Yunifásítì California tẹ ìlànà àpòpọ̀ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò títí di òní. Òun náà ni mo tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n mo dín agbára rẹ̀ kù sí ìdajì nítorí pé ọ̀jẹ̀lẹ́ ni mo ń bọ́. Ìdajì yìí bá ìgò mi mu dáadáa, torí pé ìwọ̀n tí ìlànà náà sọ fún lítà 1 ni mo kàn ń dà sínú lítà 2.

Ìpele 2: Àpòpọ̀ kíki, àti bí mo ṣe ba ti àkọ́kọ́ jẹ́

Iyọ̀ mẹ́rin ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Fún mílílítà 500 àpòpọ̀ kíki ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí a óò máa fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò àgbàdo, mo wọn kálísíọ̀mù náítíréètì gíráàmù 118, pòtáṣíọ̀mù náítíréètì gíráàmù 50.5, mágínísíọ̀mù sọ́líféètì gíráàmù 123, àti pòtáṣíọ̀mù fọ́síféètì gíráàmù 68. Ẹ kíyè sí i pé kálísíọ̀mù náítíréètì tí mo ń sọ ni èyí tí omi ti so mọ́ ara rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni mágínísíọ̀mù sọ́líféètì. Bí tiyín bá jẹ́ gbígbẹ, ìwọ̀n náà kò ní rí bákan náà.

Ọ̀lẹ ló bá mi jà. Mo ní kí n dín iye ìgò tí mo máa tọ́jú kù, mo sì da kálísíọ̀mù náítíréètì, mágínísíọ̀mù sọ́líféètì àti pòtáṣíọ̀mù fọ́síféètì pọ̀ sínú ìgò kan ṣoṣo. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi náà fi funfun bí ẹfun, tí ó sì sílẹ̀ ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nípọn ìka kan. Mo mì ín, mo gbé e lé iná díẹ̀, mo tún fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kò yòrò. Kálísíọ̀mù ti di mọ́ sọ́líféètì, ó sì ti di mọ́ fọ́síféètì pẹ̀lú, ohun tí ó sì bí láàárín àwọn méjì ìkẹyìn yìí jẹ́ ìbátan ohun tí ó mú kí eegun le. Nínú eegun, ìdè yẹn dára. Nínú ìgò, kò sí gbòǹgbò tí ó lè jẹ ẹ́. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì ná mi ní ìdajì kálísíọ̀mù tí mo rà. Láti ọjọ́ náà, kálísíọ̀mù ní ìgò tirẹ̀, inú ìgò àgbàdo tí omi ti kún ni òun àti àwọn yòókù ti máa ń pàdé, níbi tí omi ti là wọ́n débi tí wọn kò fi lè rí ara wọn dì mú.

Àwọn èròjà kéékèèké ni ó tún yọ mí lẹ́nu. Fún lítà 1, ìlànà náà béèrè bórííkì ásíìdì gíráàmù 2.86, máńgáníìsì kúlóráìdì 1.81, síǹkì sọ́líféètì 0.22, kọ́pà sọ́líféètì 0.08, àti molíbídíìkì ásíìdì 0.02, òṣùwọ̀n mi kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ 0.08. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo wọn kọ́pà gíráàmù 0.8, mo yòrò rẹ̀ sínú omi mílílítà 100, mo sì fa mílílítà 10 níbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú mílílítà 10 yẹn jẹ́ 0.08 gẹ́lẹ́. Mo ṣe síǹkì bákan náà, mo sì ṣe molíbídíìkì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Mílílítà 1 nínú àpòpọ̀ kéékèèké yìí ni ó ń lọ sínú ìgò lítà 2.

Irin ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Irin lásán kì í pẹ́ di ìpáàrà nínú omi, nítorí náà ni mo ṣe ra irin EDTA, ìyẹn irin tí kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ EDTA dì mú kí ó má bàa di ìpáàrà, tí irin inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráàmù 7.7 nínú lítà 1 fún mi ní irin mílígíráàmù 1 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan, mílílítà 5 ni mo sì ń dà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ìpele 3: Bí a ṣe ń yọ ẹyọ kan láìfi ọwọ́ kan ìyókù

Ìgò tí ó pé gba mílílítà 5 kálísíọ̀mù náítíréètì, 5 pòtáṣíọ̀mù náítíréètì, 2 mágínísíọ̀mù sọ́líféètì àti 1 pòtáṣíọ̀mù fọ́síféètì, pẹ̀lú irin àti àwọn kéékèèké. Àmọ́ èèyàn kò lè sọ pé òun yọ kálísíọ̀mù, kí ó wá gbé ìgò kálísíọ̀mù náítíréètì sẹ́yìn lásán, nítorí náítírójìn inú rẹ̀ yóò bá a lọ, ìgò kan yóò sì ṣaláìní nǹkan méjì. Nítorí náà, ààrọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ìpele yìí. Nínú ìgò tí kò ní kálísíọ̀mù, mo fi mílílítà 10 sódíọ̀mù náítíréètì rọ́pò. Nínú èyí tí kò ní náítírójìn, mo fi kálísíọ̀mù kúlóráìdì àti pòtáṣíọ̀mù kúlóráìdì rọ́pò náítíréètì méjèèjì. Èyí tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gba pòtáṣíọ̀mù kúlóráìdì mílílítà 1, èyí tí kò ní mágínísíọ̀mù gba sódíọ̀mù sọ́líféètì mílílítà 2, ní ti àìsí irin, n kò kàn da irin sí i ni.

Èyí tí ó wù mí jù nínú wọn ni pòtáṣíọ̀mù, tí mo fi sódíọ̀mù náítíréètì àti sódíọ̀mù fọ́síféètì rọ́pò. Sódíọ̀mù àti pòtáṣíọ̀mù jọra bí ìbejì lójú onímọ̀ kẹ́mísírì. Ní ọdún 1939, Arnon àti Stout fi ìlànà kan lélẹ̀ pé kí a tó lè pe èròjà kan ní kòṣeémánìí, ohun ọ̀gbìn kò gbọ́dọ̀ lè parí ìgbésí ayé rẹ̀ láìsí i, èròjà mìíràn kò gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara ohun ọ̀gbìn náà fúnra rẹ̀. Ìgò pòtáṣíọ̀mù yìí ni yóò dán èkejì wò.

Ìpele 4: Ìgbìyànjú àkọ́kọ́, ọjọ́ 21

Mo hu àgbàdo nínú òwú tútù, mo gbé méjì méjì sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo fi omi ẹ̀rọ kún un, mo sì ń wò. Ní ọjọ́ 21, ìgò tí kò ní náítírójìn nìkan ni ó yàtọ̀. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, kò sì ga tó àwọn yòókù. Márùn-ún tó kù àti ìgò pípé dọ́gba bí ìka ọwọ́ tí a gé. Èyí tí kò ní irin tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ìgò pípé lọ.

Kò sí ohun tí ó rọrùn ju kí n sọ nígbà náà pé kálísíọ̀mù àti irin kò ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe ń wí. Mo kọ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi ní tòótọ́, mo sì fi pẹ́ńsù rẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì.

Ìpele 5: Wíwá ọ̀nà tí èròjà ń gbà wọlé

Omi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo da lítà 1 omi ẹ̀rọ sínú ìkòkò mímọ́, mo sè é gbẹ. Ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò náà. Mo fi ọ̀bẹ ha á jọ, ó sì wọ̀n tó gíráàmù 0.3. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ẹfun ìdí ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù. Ìgò méjì tí mo pè ní aláìní ti ń jẹun láti ọjọ́ kìíní. Ojútùú rẹ̀ ni omi dísítílì, èyíinì ni omi tí wọ́n sè di oru tí oru náà sì ti di omi padà. Ìnáwó ibẹ̀ kò kéré: ìgò 7 gba lítà 14, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méje méje. Kí iṣẹ́ tó parí, mo ti lo lítà tí ó lé ní 80, owó omi sì ti ju owó iyọ̀ lọ dáadáa.

Irúgbìn ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo hu àgbàdo mẹ́rin nínú omi dísítílì lásán, láìsí iyọ̀ kankan. Mo gé ara irúgbìn kúrò lẹ́sẹ̀ méjì nínú wọn ní ọjọ́ kẹjọ, mo sì fi ti méjì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14, àwọn tí mo fi irúgbìn sílẹ̀ fún ní ewé mẹ́rin aláwọ̀ ewé, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fi ebi pa. Àwọn tí mo gé tiwọn ti dúró sójú kan. Irúgbìn ti di ẹrù fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó lé e jáde nílé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì pọ̀ nínú ẹrù náà. Kálísíọ̀mù ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, èyí tí ó wá yé mi dáadáa nígbà tí mo dé ìpele 8.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni irin, òun ni ó sì gba àkókò jù, nítorí pé omi dísítílì àti gígé irúgbìn kò tí ì ṣàlàyé bí ìgò aláìní irin ṣe tutù ju gbogbo wọn lọ. Mo tú ìgò náà palẹ̀. Rọ́bà atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń léfòó, mo sì ti fi kílíìpù irin kékeré kan, irú èyí tí a fi ń di bébà, fà á mọ́lẹ̀. Kílíìpù náà ti dógùn-ún. Irun gbòǹgbò ti yí i ká bí ìgbà tí aláǹtakùn bá ta wẹ́ẹ̀bù, nígbà tí mo sì tú wọn, ìpáàrà pupa wà lára wọn tín-tìn-tín. Èyí kì í ṣe èèṣì lásán: gbòǹgbò àgbàdo, bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ẹbí koríko, máa ń tú oje kan jáde nígbà tí ebi irin bá ń pa á, oje náà yóò di mọ́ irin inú ìpáàrà, yóò sì gbé e wọlé. Mo fi irin du àgbàdo, mo sì gbé irin sínú àwo rẹ̀. Mo fi òkúta gíláàsì rọ́pò kílíìpù náà.

Ẹ̀kẹrin kò gùn. Sírínjì kan náà ni mo fi ń fa gbogbo àpòpọ̀, igi kan náà ni mo sì fi ń ro ó. Mo ra sírínjì sí i, mo kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára.

Ìpele 6: Ìgbìyànjú kejì

Mo fi ásíìdì tí mo ti fi omi là fọ gbogbo ìgò, mo sì fi omi dísítílì ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi fọ́ìlì wé wọn láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́, iná wọ inú ìgò, ohun aláwọ̀ ewé yíyọ̀ sì hù sára gbòǹgbò, ó ń bá àgbàdo jẹun. Mo hu irúgbìn fún ọjọ́ márùn-ún nínú bébà tí mo fi omi dísítílì rẹ. Nígbà tí gbòǹgbò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7, mo gbé méjì méjì sínú ìgò, mo sì pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ 1. Ní ọjọ́ 3, mo fi abẹ mímú gé ara irúgbìn kúrò. Mo ṣèèṣì gé igi ọ̀kan mọ́ ọn, mo sì ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àléébù kan wà tí n kò lè ṣe nǹkan sí: ìgò kan ṣoṣo ni mo ní fún ìyà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn onímọ̀ gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ yóò ní mẹ́ta ó kéré tán, yóò sì máa pààrọ̀ ààyè wọn lábẹ́ iná. Èmi pààrọ̀ ààyè wọn, ṣùgbọ́n omi lítà 42 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọjá agbára mi.

Ìpele 7: pH àti atẹ́gùn

Mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgò ní pH 5.8. Ní ọjọ́ 6, ìgò pípé ti gòkè dé 7.1, ewé tuntun rẹ̀ sì ti ń ṣì láwọ̀, bẹ́ẹ̀ irin wà nínú omi rẹ̀. Ìgò tí kò ní náítírójìn kò sì kúrò lójú kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó ṣe é: nígbà tí gbòǹgbò bá ń gba náítíréètì wọlé, ó máa ń tú ohun tí ń pa kíkan omi sílẹ̀ ní pàṣípààrọ̀, bí omi bá sì ti pàdánù kíkan rẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò lọ́wọ́ EDTA. Oúnjẹ wà nínú àwo, ọwọ́ kò tó o. Mo ń kán sọ́lífúríìkì ásíìdì tí mo ti là gidigidi sí i ní ọjọ́ méjì méjì títí yóò fi padà sí 5.8, ewé tó sì jáde lẹ́yìn náà tutù. Inú omi ni kí ẹ máa da ásíìdì sí. Ẹ má ṣe da omi sínú ásíìdì láéláé.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ 12, n kò sì mọ̀ títí di ọ̀sán. Àgbàdo ìgò pípé ká ewé rẹ̀ jọ bí èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ inú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Gbòǹgbò tí kò rí ọ́síjìn kò ní agbára láti fa omi. Mo ra ẹ̀rọ kejì tí ń lo bátìrì.

Ìpele 8: Ohun tí mo rí lára ewé

Ní ọjọ́ 8 ni kálísíọ̀mù ti kọ́kọ́ fara hàn, kò sì fara hàn lára ewé tí ó ti wà. Ọ̀mùnú ni ó mú. Ewé tuntun fẹ́ jáde, orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú ewé tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Nígbà tí mo fi ìka yà wọ́n, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí oje. Orí gbòǹgbò dúdú, ó sì rọ̀. Kálísíọ̀mù ni ó ń di ògiri sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra wọn, èyí tí ewé àgbà bá sì ti fi kọ́lé, kò ṣeé tú fún ọmọ. Nítorí náà ni ìyà rẹ̀ ṣe máa ń jẹ ohun tí ó kéré jù lórí igi, tí ewé ìsàlẹ̀ yóò sì wà ní tútù yọ̀yọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Irin tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 9, òun náà sì mú èwe. Ewé kẹrin jáde ní abilà: iṣan rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, àárín iṣan funfun. Ewé karùn-ún funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kò sí nínú kílórófíìlì fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe kílórófíìlì láìsí i, bí ara wa kò ṣe lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tó lè gbé ọ́síjìn láìsí irin kan náà.

Àwọn mẹ́rin yòókù gba òdìkejì. Ewé àgbà ni wọ́n mú, torí pé èròjà wọn ṣeé kó. Nígbà tí àìní bá dé, igi yóò tú ewé ìsàlẹ̀, yóò sì kó ohun inú rẹ̀ lọ fún ọ̀mùnú. Ní àìsí náítírójìn, ìpọ́nrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ 10, ó sì gba àárín ewé sọ̀kalẹ̀ bí orí ọ̀kọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ igi. Purotéènì ibẹ̀ ni wọ́n ń tú. Ní àìsí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ewé kò pọ́n rárá. Ó ṣókùnkùn sí i, etí rẹ̀ sì di elésè àlùkò ní ọjọ́ 13. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù ni, torí pé òtútù náà lè fa irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lára àgbàdo, mo sì gbé iná súnmọ́ ọn fún ọjọ́ mẹ́ta lásán. Inú DNA, tí ó gbé àbùdá, àti inú ATP, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ná agbára, ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, nítorí náà gbogbo ìdàgbàsókè ni ó fà sẹ́yìn lápapọ̀.

Pòtáṣíọ̀mù dé ní ọjọ́ 16. Etí ewé ìsàlẹ̀ gbẹ láti ṣóńṣó wá, bí bébà tí iná rá létí, àárín rẹ̀ sì tutù. Sódíọ̀mù tí mo kó síbẹ̀ wà pẹrẹwu, kò sì gbà á sílẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù kì í di ara ohun kankan tí ohun ọ̀gbìn ń kọ́. Inú omi sẹ́ẹ̀lì ni ó ń wà, ó ń ṣí ojú ihò ewé, ó ń tì í, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù, àwọn ohun tí ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yára, ṣiṣẹ́. Mágínísíọ̀mù dé ní ọjọ́ 17, abilà bíi ti irin, ṣùgbọ́n ewé àgbà ni ó wà. Òun ni ó wà láàárín gbùngbùn kílórófíìlì, bẹ́ẹ̀ igi náà ń tú u níbẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá rí abilà lára àgbàdo yín, ẹ wo ipò ewé náà kí ẹ tó sọ orúkọ èròjà tí kò sí.

Ìpele 9: Ìwọ̀n ní ọjọ́ 30

Mo gé igi kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sá a gbẹ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Ti ìgò pípé ga tó sẹ̀ǹtímítà 62, ó sì wọ̀n gíráàmù 4.6. Aláìní mágínísíọ̀mù wọ̀n 2.2, aláìní pòtáṣíọ̀mù 2.0, aláìní irin 1.3, aláìní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1.1, aláìní náítírójìn 0.9. Aláìní kálísíọ̀mù wọ̀n 0.2, ó sì ti kú kí n tó gé e.

Ohun kan ni n kò retí. Gbòǹgbò aláìní náítírójìn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 48, ti ìgò pípé sì jẹ́ 39. Igi tí kò ga tó ìdajì ẹgbẹ́ rẹ̀ na gbòǹgbò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń wá oúnjẹ kiri nínú ìgò tí kò ní ìsàlẹ̀ mìíràn. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 10: Dídá èròjà padà

Igi kejì inú ìgò náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtáṣíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù ni mo gbé sínú oúnjẹ pípé. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ewé tuntun wọn ń jáde ní tútù. Ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti gbẹ kò jí. Ti kálísíọ̀mù ni mo ti gbìyànjú ṣáájú, ní ọjọ́ 14, nígbà tí mo rí i pé ó ń lọ. Ọ̀mùnú rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí ibi tí ewé mìíràn yóò gbà jáde. Bí mo bá tún un ṣe, ọjọ́ 8 gan-an ni n ó gbé e, lọ́jọ́ tí ewé kọ́kọ́ lẹ̀.

Ìgò irin ni mo fi sílẹ̀ láìní, nítorí ohun kan tí Eusèbe Gris ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1840: ó fi omi tí irin wà nínú rẹ̀ kun ewé tó ti ṣì láwọ̀, ewé náà sì padà tutù. Mo yòrò irin sọ́líféètì gíráàmù 2 sínú mílílítà 100, mo fi kun ṣóńṣó ewé karùn-ún, ó sì jó o dúdú lọ́jọ́ kejì. Mo là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo kán ọṣẹ olómi ẹyọ kan sí i kí ó lè lẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fa ìlà kan ṣoṣo sórí ewé kẹfà ní ọjọ́ 31, láti ìdí rẹ̀ dé ìdajì. Ní ọjọ́ 33, n kò rí nǹkan. Ní ọjọ́ 35, ìlà náà jáde, aláwọ̀ ewé, ó gba ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà, títí kan ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n díẹ̀.

Ewé keje yọ ní ọjọ́ 39, ó funfun bí òwú láti ìdí dé ṣóńṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kẹfà tí ìlà náà ṣì wà lórí rẹ̀.